Mò ń rìn láràárọ̀, kí ló dé tí ara mi ò jò?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, àmọ́ mẹ́ta ni mo mú, torí ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nídìí gbogbo wọn, ìyẹn bí ara ṣe ń lo oúnjẹ tá a bá jẹ. Ti Ìyá Ìbejì ni màá fi bẹ̀rẹ̀, òun náà ni màá pẹ́ lé lórí jù, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, mo ti pé ọmọ ọdún 47. Àtìgbà tí mo ti lé ní ogójì ni mo ti ń sanra, aṣọ tí mo fi ṣe ìgbéyàwó àbúrò mi ò kọjá èjìká mi mọ́. Wọ́n ní kí n máa rìn, mo sì ń rìn, aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí lèmi àti ọ̀rẹ́ mi máa ń jáde láti Ìtòkú lọ sí Sapọ́n, ká tún padà, ó ti pé oṣù mẹ́ta báyìí. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ a tún máa ń gun àtẹ̀gùn Olúmọ. Kílò kan ààbọ̀ péré ló kúrò lára mi. Ọ̀rẹ́ mi ní ọjọ́ orí ni, pé obìnrin tó bá ti lé ní ogójì, ara ẹ̀ ò lè jó oúnjẹ mọ́. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kí n kúkú fi rírìn yẹn sílẹ̀ kí n máa sùn ní tèmi? – Ìyá Ìbejì, Ìtòkú

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ má fi sílẹ̀ o, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Nǹkan méjì ni wọ́n sọ fún yín tí kò rí bẹ́ẹ̀, ọ̀kan lórí ọjọ́ orí, èkejì lórí iṣẹ́ tí ìrìn ń ṣe lára, ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Ká kọ́kọ́ mú ti ọjọ́ orí. Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ pé ẹni tó bá ti lé ní ogójì, iná inú ara ẹ̀ ti ń kú lọ. Èmi náà gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo tiẹ̀ máa ń sọ ọ́ fáwọn èèyàn. Àmọ́ lọ́dún 2021, àwọn onímọ̀ láti yunifásítì káàkiri ayé kó iṣẹ́ wọn pọ̀ sójú kan. Àwọn èèyàn tí wọ́n wọn lé ní 6,400 láti orílẹ̀-èdè 29, ìkókó ọjọ́ mẹ́jọ wà níbẹ̀, àgbàlagbà ẹni ọdún 95 náà wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n rí rèé: láti ọmọ ogún ọdún títí dé ọgọ́ta, tí wọ́n bá ti yọ ti pé ara kan tóbi ju ara kan lọ kúrò, iná yẹn ò lọ sókè, kò sì lọ sílẹ̀. Ẹ̀yìn ọgọ́ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nǹkan bí ìdá 0.7 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Kódà, tá a bá fi wé bí ara ẹ̀ ṣe kéré tó, ọmọ ọdún kan ló ń jó oúnjẹ jù nínú gbogbo wa. Torí náà Ìyá Ìbejì, bí ara yín ṣe ń jó oúnjẹ nígbà tẹ́ ẹ̀ ń pọn àwọn ìbejì lọ́tùn-ún lósì náà ló ṣì ń jó o báyìí. Ẹ bá mi sọ fún ọ̀rẹ́ yín pé ọjọ́ orí kọ́.

Ẹ lè máa rò ó pé báwo wá ni wọ́n ṣe ń wọn iná tó wà nínú èèyàn. Omi ni wọ́n ń fún wọn mu. Omi ọ̀hún, háídírójìn àti ọ́síjìn tó wúwo ju ti omi lásán lọ ló wà nínú ẹ̀, kò ní òórùn, kò sì léwu. Onítọ̀hún á máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ, á máa ta ọjà ẹ̀, á máa fọṣọ, á máa bá ọmọ jà, wọ́n á kàn máa gba ìtọ̀ ẹ̀ wò fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Bí omi yẹn ṣe ń jáde tán lára ni wọ́n fi ń ṣírò iye afẹ́fẹ́ carbon dioxide tí ara ẹ̀ mú jáde, ìyẹn ló sì ń sọ iye kálórì tó ná. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí torí kì í ṣe ẹnu èèyàn ni wọ́n ń gbọ́, ẹnu wa máa ń gbàgbé nǹkan, ìtọ̀ ò ní gbàgbé.

Omi yìí kan náà ni wọ́n gbé wá sí ìtòsí wa níbí. Ẹ mọ Igbó-Ọrà àti Ìdèrè, lọ́hùn-ún ní Ìbàràpá, kò jìnnà sí Abẹ́òkúta rárá. Àwọn onímọ̀ láti yunifásítì Loyola ní Chicago, tí Amy Luke wà lára wọn, dara pọ̀ mọ́ àwọn ti yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n wọn àwọn obìnrin Igbó-Ọrà àti Ìdèrè, wọ́n tún wọn àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Maywood lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chicago, gbogbo wọn lápapọ̀ lé ní 300. Èèyàn á ti rò ó pé obìnrin tó ń lọ oko, tó ń bó ẹ̀gẹ́, tó ń ru igi wálé, á máa ná kálórì tó ìlọ́po méjì ti ẹni tó ń wa mọ́tò lọ síbi iṣẹ́. Àbọ̀ iṣẹ́ wọn tó jáde lọ́dún 2008 àti 2009 ní kò rí bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá ti ka títóbi ara mọ́ ọn, iye tí àwọn tibí ń ná àti iye tí àwọn tọ̀hún ń ná ò yàtọ̀ síra, síbẹ̀ tiwa ò sanra tó tiwọn rárá. Wọ́n tún ń padà lọ wọn wọ́n lọ́dọọdún láti mọ ẹni tó ń sanra sí i, wọn ò lè fi kálórì tí ẹnì kan ń ná mọ̀ bóyá á sanra àbí kò ní sanra.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Herman Pontzer náà rí irú ẹ̀ lọ́dún 2012 lọ́dọ̀ àwọn Hadza ní Tanzania, àwọn tó ṣì ń ṣọdẹ, tí obìnrin wọn ń fi igi wa iṣu inú igbó. Ìrìn tí wọ́n ń rìn lóòjọ́ ju ti ará Amẹ́ríkà lọ fíìfíì, àmọ́ kálórì tí wọ́n ń ná lápapọ̀ ò jù ú lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́jà, ó yẹ kí èyí tètè yé yín. Ọlọ́jà tó mọ iye tóun lè ná lóòjọ́, tí owó mọ́tò bá ṣàdédé wọ́n, kì í torí ẹ̀ yáwó, á yọ ọ́ níbòmíì, á dín ẹran inú ọbẹ̀ kù, ó tán. Bí ara ṣe ń ṣe nìyẹn. Èyí tó pọ̀ jù nínú kálórì tí à ń ná, nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, kì í ṣe ìrìn ló ń ná an, ká ṣáà wà láàyè ló ń ná an, kí ọkàn máa lù, kí ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ máa ṣiṣẹ́, tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ ń sùn. Tẹ́ ẹ bá wá rìn gan-an láàárọ̀, ara á ṣọ́ ibi tó ti lè dín ìnáwó kù, ẹ ó kàn ṣàkíyèsí pé lọ́sàn-án ẹ jókòó ti igbá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ebi á sì tún pa yín sí i. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ń yọ padà o, kílò kan ààbọ̀ yẹn ṣáà lọ, ó kàn jẹ́ pé ohun tó ṣẹ́ kù ò tó ohun tẹ́ ẹ̀ ń retí ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ kọ gbogbo ohun tó bá wọ ẹnu yín fún ọjọ́ mẹ́ta kí n tó dáhùn. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kọ òótọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kọ ti ìpápánu. Láfún àti ẹ̀wà yín ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ohun tí mo fa ìlà sí nídìí ni púfpúf mẹ́fà tẹ́ ẹ̀ ń rà ní Sapọ́n tẹ́ ẹ bá ti rìn tán, ẹ tiẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé "torí mo ti ṣiṣẹ́", àti mínírà tútù méjì lójúmọ́, àti bisikíìtì tẹ́ ẹ̀ ń jẹ nínú ṣọ́ọ̀bù tí oníbàárà ò bá tíì dé, àti ọbẹ̀ tẹ́ ẹ ní epo gbọ́dọ̀ léfòó lórí ẹ̀ kó tó jẹ́ ọbẹ̀.

Mo gbé ṣíbí ìjẹun ńlá kan síwájú bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, mo rọra da epo pupa sí i títí ó fi kún dé etí. Gíráàmù 14 ni, nǹkan bí kálórì 120. Ìrìn ìṣẹ́jú 30 fún ẹni tó bá wọn kílò 75, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ṣíbí kan péré o! Mo dà á padà sínú ìgò, èyí tó lẹ̀ mọ́ ṣíbí gan-an ṣì tó ohun téèyàn lè fi yí ata. Ẹ wá ka iye ṣíbí tó ń wọ inú ìkòkò ọbẹ̀ yín, kẹ́ ẹ pín in fún ẹni mélòó tó ń jẹ ẹ́. Mi ò ní kẹ́ ẹ má jẹ epo, mo ní kẹ́ ẹ fi ṣíbí wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ yéé fi ojú wọ̀n ọ́n.

Ti bisikíìtì àti mínírà yẹn, ẹ má rò pé ọ̀kánjúwà yín ni. Lọ́dún 2019, Kevin Hall àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní iléeṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà kó àgbàlagbà 20 sínú ilé kan fún oṣù kan gbáko, wọn ò jẹ́ kí wọ́n jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì, oúnjẹ tí ilé iṣẹ́ ti pò pọ̀ ni wọ́n ń gbé fún wọn, ọ̀sẹ̀ méjì yòókù, oúnjẹ tí wọ́n sè látinú nǹkan tútù. Ṣúgà, ọ̀rá, iyọ̀ àti kálórì tó wà nínú àwo méjèèjì dọ́gba, wọ́n ní kí kálukú jẹ ìwọ̀nba tó bá wù ú. Nígbà tí wọ́n ń jẹ ti ilé iṣẹ́, kálórì tí wọ́n ń jẹ fi nǹkan bí 500 ju ti ìgbà kejì lọ lójúmọ́, wọ́n sì fi nǹkan bíi kílò kan ó dín díẹ̀ sanra láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí wọ́n bọ́ sórí èkejì, kílò yẹn tún kúrò. Oúnjẹ yẹn máa ń yá wọ ọ̀fun, ikùn ò tíì ráyè sọ pé ó tó kẹ́ ẹ tó tán an. Tẹ́ ẹ bá lè fi ọsàn tàbí ẹ̀pà sísè bí ẹ̀kúnwọ́ kan dípò bisikíìtì, kẹ́ ẹ sì gbé omi lọ sọ́jà dípò mínírà, ẹ dán an wò fún oṣù méjì kẹ́ ẹ tún kọ̀wé sí mi.

Ẹ má sì torí ìkánjú febi panú o. Àwọn kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n figagbága lórí tẹlifíṣọ̀n láti jò láàárín oṣù díẹ̀, àwọn onímọ̀ tọpa mẹ́rìnlá nínú wọn lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, àbọ̀ ẹ̀ jáde lọ́dún 2016. Ọ̀pọ̀ wọn ti sanra padà, síbẹ̀ iná inú ara wọn ṣì fi nǹkan bíi kálórì 500 lóòjọ́ rẹlẹ̀ sí bó ṣe yẹ kó rí. Ara ò gbàgbé ìyà yẹn.

Kí wá ni ìrìn ń ṣe tí mo fi ń bẹ̀ yín? Ọkàn yín ló ń ṣe é fún. Lọ́dún 1953, dókítà kan tó ń jẹ́ Jerry Morris tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní London. Dẹ́rẹ́bà á jókòó látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kọndọ́kítọ̀ á máa gun àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì lọ sókè sódò láti gbowó. Ilé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ wà, ìlú kan náà ni wọ́n ń gbé, àmọ́ àìsàn ọkàn tó ń mú dẹ́rẹ́bà ju ti kọndọ́kítọ̀ lọ, àwọn tó sì ń pa kíákíá nínú dẹ́rẹ́bà pọ̀ jù. Ẹ rántí wọn tẹ́ ẹ bá tún wà lórí àtẹ̀gùn Olúmọ, tí èémí yín ń lọ sókè sódò. Gbogbo ẹ̀ ń wọlé sí ibi tí òṣùwọ̀n ò lè rí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú làákàyè o, Àǹtí wa. Nítorí bàbá mi ni mo ṣe ń kọ̀wé. Ẹni ọdún 66 ni wọ́n, tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, Àsèrò là ń gbé. Àyẹ̀wò ṣúgà tí wọ́n ṣe láàárọ̀ kí wọ́n tó jẹun jẹ́ 112, dókítà ní kò tíì di ìtọ̀ ṣúgà, àmọ́ ọ̀nà ẹ̀ ni wọ́n wà yẹn. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni wọ́n ń jẹ ẹ̀bà, tí wọ́n bá ti fọwọ́ tán, orí àga ni wọ́n máa ń sùn lọ níwájú tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ní àwọn ò lè máa sáré kiri bí ọmọdé, orúnkún ń dùn wọ́n. Kí la lè ṣe? – Ọmọ Tíṣà, Àsèrò

ÌDÁHÙN: Ọmọ Tíṣà, o ṣeun tó o ń wo àwo bàbá ẹ, ọmọ tó dáa lo jẹ́. Òótọ́ ni dókítà sọ. Tí ṣúgà àárọ̀ kùtù bá wà láàárín 100 sí 125, ó ti kọjá ibi tó dáa, àmọ́ 126 sókè ni wọ́n ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, wọ́n á sì tún un yẹ̀ wò kí wọ́n tó sọ ọ́. Bàbá ṣì ní àyè, àyè ọ̀hún ò sì kéré.

Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n sáré. Lọ́dún 2013, Loretta DiPietro àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní yunifásítì George Washington mú àwọn mẹ́wàá tí wọ́n lé ní ọgọ́ta ọdún, ṣúgà tiwọn náà ti fẹ́ máa gòkè bíi ti bàbá. Wọ́n ní kí wọ́n máa fi ìṣẹ́jú 15 rìn lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi wé ìgbà tí wọ́n rin ìṣẹ́jú 45 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ yẹn gbé ṣúgà wọn wálẹ̀ bíi ti ìṣẹ́jú 45 láàárọ̀, ti ẹ̀yìn oúnjẹ alẹ́ gan-an wá ṣe dáadáa ju gbogbo ẹ̀ lọ, torí alẹ́ ni ṣúgà àgbàlagbà kì í tètè wálẹ̀.

Ìdí ẹ̀ ò le. Tá a bá jẹ ẹ̀bà, ó ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, insulíìnì ló ń ṣílẹ̀kùn iṣan kí ṣúgà yẹn lè wọlé. Fún ẹni bíi bàbá, insulíìnì kan ilẹ̀kùn títí, iṣan ò tètè dáhùn. Àmọ́ tí iṣan ẹsẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, òun fúnra ẹ̀ á ṣílẹ̀kùn, á fa ṣúgà wọlé láìdúró de insulíìnì. Ẹni tó bá jẹun tán tó sùn sórí àga, ìlẹ̀kùn yẹn wà ní títì, ṣúgà á wá máa yí kiri inú ẹ̀jẹ̀.

Torí náà ẹ gbé oúnjẹ alẹ́ bọ́ sí aago méje, kí bàbá fọwọ́, kẹ́ ẹ jọ bọ́ síta. Mo mọ Àsèrò, iná ojú títì ò dájú, àwọn ọlọ́kadà ò sì ń wojú ẹnikẹ́ni lálẹ́, ẹ má gbé wọn lọ sí títì. Inú ọgbà ilé tó o, láti géètì dé ẹ̀yìnkùlé, lọ bọ̀, lọ bọ̀, kó o máa bá wọn sọ̀rọ̀, tíṣà fẹ́ràn kí wọ́n béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀. Tí orúnkún bá ń dùn wọ́n, kí wọ́n dín in kù sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n rọra.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bà wá rèé, inú mi ò dùn tí mo bá ti fẹ́ sọ ọ́. Nígbà tí ṣúgà màmá mi gòkè, ilé ìwòsàn tá a gbé wọn lọ kò sọ ju gbólóhùn kan lọ: ẹ ò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ̀bà mọ́, ẹ ò gbọ́dọ̀ jẹ iṣu mọ́. Ohun tí wọ́n á máa jẹ, wọn ò sọ. Ẹ̀wà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú ni màmá mi ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, oṣù karùn-ún ni mo bá wọn ní kíṣìnì láago mẹ́wàá alẹ́, wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ń fi òkèlè ẹ̀bà tútù tọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò ọbẹ̀, wọ́n sì ń sunkún. Mi ò lè gbàgbé ẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún bàbá. Ẹ dín ẹ̀bà yẹn kù sí ìdajì, kó máà ju ìkúùkù wọn kan lọ, kẹ́ ẹ wá fi ẹ̀fọ́ rẹpẹtẹ àti ẹja kún ibi tó ṣófo nínú àwo.

Tó o bá fẹ́ fi nǹkan mú wọn lọ́kàn le, sọ ti iṣẹ́ ńlá kan fún wọn tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2002. Àwọn tó ju 3,000 lọ, ṣúgà gbogbo wọn ti ń gòkè. Wọ́n fún àwọn kan lóògùn metformin, wọ́n kọ́ àwọn kan bí wọ́n á ṣe máa jẹun, kí wọ́n máa rin ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, kí wọ́n sì dín ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún kù lára ìwọ̀n wọn. Oògùn dín iye àwọn tó bọ́ sínú ìtọ̀ ṣúgà kù ní ìdá 31, oúnjẹ àti ìrìn dín in kù ní ìdá 58. Àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta bíi bàbá ni ó ṣiṣẹ́ fún jù, ìdá 71. Tí dókítà bá wá fi wọ́n sórí oògùn ṣúgà lọ́jọ́ iwájú, ẹ sọ ti ìrìn yìí fún un, torí oògùn kan wà tó jẹ́ pé tí ìrìn bá kún un, ṣúgà lè já wálẹ̀ jù.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ń ta tíì kan ní Pánṣẹ́kẹ́ tó ń yọ ọ̀rá ikùn, ọ̀rẹ́ mi mu ún, kílò méjì lọ láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Mo ti ra páálí mẹ́ta, mi ò tíì tú u. Ṣé kí n mu ún? – Akẹ́kọ̀ọ́, FUNAAB

ÌDÁHÙN: Má mu ún, ọmọ mi. Ọ̀pọ̀ tíì báyìí, ewé senna ló wà nínú ẹ̀, ewé ìgbẹ́ yíyà ni. Inú ìfun kékeré ni ara ti ń gba kálórì oúnjẹ, ìfun ńlá ni senna ti ń ṣiṣẹ́, kó tó dé ibẹ̀ ara ti gba kálórì ẹ̀ tán. Omi àti ìgbẹ́ ni kílò méjì yẹn, bí ọ̀rẹ́ ẹ bá ti mumi tó sì jẹun dáadáa fún ọjọ́ méjì, á padà. Ìgbẹ́ yíyà lójoojúmọ́ tún lè fa omi àti iyọ̀ ara gbẹ dé ibi tí àyà á fi máa já. Tó ò bá tíì tú páálí yẹn lóòótọ́, mú un padà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún ẹ lónìí, kó o sì gba owó ẹ.